Ojú Ìwé Mẹ́ta Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Kí ojú kan tó ṣẹ́kù fún mi yìí tó tẹ̀lé èkejì, mo ní láti tú ohun tó wà nínú mi jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dókítà ojú tan iná sí ẹyinjú mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Màmá, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà, ẹ tètè kà á." Kíkà kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn, kíkọ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lójú ọ̀nà, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ òtítọ́ lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn Ọmọ Atukọ̀ àti Ọ̀gágun, tí ẹ sunkún ayọ̀ síbi ìgbéyàwó tó parí rẹ̀, èmi ni mo kọ ìgbéyàwó yẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé náà kò kọ ọ́. Kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó sì kú láìmọ̀.

Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún Màmá Oníwèé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, tí àdúgbò sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí àga kan nílé rẹ̀ tí ìwé kò ti jókòó sí kí àlejò tó dé. Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀: ogun, ẹṣin, ọmọge tó dákú, jagunjagun tí ojú rẹ̀ le koko tí ìfẹ́ sì ń bọ̀ wá rọ̀ ọ́. Mẹ́jọ ló ti kọ nínú wọn, ìgbéyàwó ló sì parí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ìwé ìkẹsàn-án ni a fẹ́ kọ nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: òun á jókòó lẹ́bàá fèrèsé, á máa sọ ọ́ lẹ́nu, èmi á máa fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ìwé kan bá kún, màá kà á padà sí i létí, òun á sì ní "Ó dáa" tàbí "Nù ún." Kò sí ojú kẹta láàárín wa. Ohun tí mo bá ti kà fún un, ohun tó kọ náà nìyẹn.

"Ó ti sú mi," ló wí lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé ìkẹsàn-án yìí. "Akọ̀wé, ọmọge mẹ́jọ ni mo ti mú kó dákú, kò sí ìkankan nínú wọn tó forí gbá ilẹ̀ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin ló máa dákú." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọmọbìnrin kan ń fi ọkọ̀ baba rẹ̀ gbé èrò sọdá odò lásìkò ogun. Ọ̀gágun tí gbogbo ọmọ ogun ń gbọ̀n fún wọ ọkọ̀ náà, òòyì omi kọ́ ọ, ó bì sórí idà ara rẹ̀, ó sì dákú. Nígbà tí òjò lé àwọn méjèèjì wọ ahéré, tí ẹni tó ń kàwé ti ń retí pé wọn yóò dì mọ́ra, igbá ni ọmọbìnrin náà nà sí i pé kó lọ gbọ́n omi inú ọkọ̀ kó má baà rì. Ẹṣin Ọ̀gágun, tó yẹ kó gbé àwọn olólùfẹ́ méjèèjì sá lọ, gé olówó rẹ̀ jẹ ní èjìká. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. Àmọ́ orí tó kẹ́yìn kò ní ẹ̀rín nínú. Ọ̀gágun mú òrùka wá sétí odò, ó ní òun ti yí padà, ọmọbìnrin náà sì fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé e sọdá, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Kò fẹ́ ẹ.

Mo gbé ìwé náà lọ fún Olóòtú nílé ìtẹ̀wé, ní yàrá òkè tí ìdì ìwé ti dí fèrèsé rẹ̀ dé ìdajì. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á, ó ránṣẹ́ pè mí. "Akọ̀wé, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń ro mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó dà? Ẹni tó ra ìtàn ìfẹ́ tí kò bá ìgbéyàwó níbẹ̀, ṣe lo ní kó gun àtẹ̀gùn dókè kó má bá yàrá kankan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní tẹ̀ ẹ́." Mo jíṣẹ́ fún Màmá. Kò tilẹ̀ yí ojú kúrò lójú fèrèsé. "Ní kó dá ìwé mi padà. Ohun tí mo kọ ni mo kọ. Ẹnì kan wà tí mo torí ẹ̀ kọ ọ́." N kò béèrè ẹni náà. Ì bá ṣe pé mo béèrè, bóyá ẹ̀rù ì bá bà mí lákòókò.

N kò gba ìwé náà padà lọ́wọ́ Olóòtú. Mo sọ fún ara mi pé àánú ló ń ṣe mí, pé ojú Màmá ń lọ, ó sì yẹ kó di ìwé rẹ̀ mú kí ilẹ̀ tó ṣú fún un pátápátá. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn pé kí tèmi náà wọ inú ìwé, ì báà jẹ́ ojú ìwé kan, ì báà jẹ́ lábẹ́ orúkọ ẹni ẹlẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Màmá sùn, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó ti ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ sì ń ya jáde lọ́wọ́ mi. Mo ní kí Ọmọ Atukọ̀ ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Mo ní kó sáré lórí iyanrìn, ó sáré. Ọ̀gágun tí kò sunkún rí sunkún sí i léjìká. Mo sì kọ gbólóhùn kan tí mo kà tó ìgbà mẹ́wàá tí orí mi ń wú: "Sùúrù obìnrin ni oògùn ọkùnrin líle." Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Èmi tí n kò bá ọkùnrin líle gbé rí, tí n kò tilẹ̀ bá ọkùnrin kankan gbé. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo gbé e lọ fún Olóòtú, mo sì gba ojú ìwé márùn-ún tí Màmá sọ padà, mo fi dáná omi tíì.

Nígbà tí ìwé fi máa jáde, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni Màmá ń mọ̀ yàtọ̀. Ó gbé ìwé náà, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. "Jókòó, Akọ̀wé. Ka ìparí fún mi." Mo ṣí i síbi tí ìgbéyàwó mi wà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Orí yẹn ti wà lórí ahọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni kò ní kí n kà á padà fún òun nígbà tí a ń kọ ọ́? Mo kà á dé òpin, mo pa ìwé dé. Màmá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ tó o ṣí ojú ìwé," ó ní. "Èmi rò pé á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin." Mo ní, "Lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, Màmá." "Ahun ni wọ́n," ó ní, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò ní ìsinmi mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, màá ti sáré débẹ̀ kí Màmá tó dáhùn. Lẹ́tà àwọn tó kàwé ń wọlé, èmi náà ni mò ń kà wọ́n fún un, èmi náà ni mò ń yọ ìgbéyàwó kúrò nínú wọn bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Aṣerunlóge tó wà ní òpópónà kejì wá lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Màmá mú. "Màmá, ìgbéyàwó yẹn pa mí! Mo sunkún títí oníbàárà mi fi ń bẹ̀ mí." "Ìgbéyàwó wo?" ni Màmá béèrè. Mo ti já ọ̀rọ̀ gbà kí obìnrin náà tó dáhùn: "Ìwé yín kẹrin ló ń wí, Màmá, èyí tó ní ẹṣin funfun." Mo fa obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, mo sọ̀rọ̀ sí i létí pé kó má bínú, pé arúgbó ń gbàgbé nǹkan. Ẹ wò ó dáadáa. Màmá tí orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, mo pè é ní ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra, kí n lè bo ara mi láṣìírí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá bí, ọmọbìnrin kan tó ń wọn oògùn nílé ìtaògùn, tó máa ń pè mí ní Àǹtí. Àbúrò ni mo ń pè é. Ọkùnrin kan ń fẹ́ ẹ nígbà náà, kọ́lékọ́lé kan tí wọ́n ń pè ní Afínjú nítorí pé erùpẹ̀ kì í bà lé bàtà rẹ̀ bó ti wù kí ó wà láàárín àwọn bíríkìlà tó. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó gba owó ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ Àbúrò lójú wa, tó ní, "Ta ló ní kó o jáde láìsọ fún mi?" tó sì fi ẹ̀rín kún un bíi pé eré ni. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìjà ni. Lọ́sẹ̀ tí ìwé jáde, Màmá pe Àbúrò, ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Èmi ni mo gbé tíì wọlé, etí mi ló sì gbọ́ ọ. "Ọmọ mi, mi ò ní sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí mọ́ láéláé. Ìwọ náà má bi mí. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ, mo ti sọ ọ́ ní ìparí ìwé yìí. Kà á. Tó o bá kà á tán tó o ṣì fẹ́ ẹ, màá súre fún ọ, mi ò sì ní jẹ́ kó o gbọ́ ohùn mi lórí ẹ̀ mọ́." Àbúrò ní, "Mo ṣèlérí, Màmá." Tíì dà sí mi lọ́wọ́, n kò mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà yẹn ni mo mọ ẹni tó torí rẹ̀ kọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Àbúrò padà wá. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. "Màmá, mo ti kà á. Mo gbọ́ yín. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an." Ìyá ń sunkún, ọmọ ń sunkún. Màmá rò pé ọmọ òun ti kọ Afínjú sílẹ̀. Àbúrò rò pé ìyá òun ti gbà kí òun fẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, inú wọn dùn, àdéhùn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun kan. Èmi nìkan tó dúró ti ògiri ló mọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbà. Mo la ẹnu, mo ní, "Ṣé kí n gbé omi wá?"

Ní ọ̀sẹ̀ kan sí i ni ìwé ìkésíni dé. Èmi náà ni mo kà á fún Màmá, lọ́tẹ̀ yìí n kò yí nǹkankan padà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ le gbagidi. Ó nawọ́ gba ìwé náà, ó fi ìka wá ibi tí inki ti yọ díẹ̀, bíi pé òun lè fi ìka kà á. "Ó kà á," ló ń wí. "Ó kà á, ó sì tún lọ." Mo ní kó ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ó ní rárá, òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́.

Ohun tó burú jù ló kàn, ẹ sì dákun, ẹ má pa ìwé dé. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, Àbúrò yọ́ wá bá mi ní yàrá ẹ̀rọ, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ bá Màmá kọ ọ́. Lánàá, Afínjú ní mi ò ní padà sílé ìtaògùn mọ́. Mo ní mi ò gbà, ó sì di ọrùn ọwọ́ mi mú títí mo fi gbà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n Màmá kọ ọ́ síbí." Ó ṣí i, ó kà á sí mi létí, ọ̀rọ̀ ara mi: "Sùúrù obìnrin ni oògùn ọkùnrin líle." Ó gbójú sókè. "Ṣé ohun tí Màmá fẹ́ kí n ṣe nìyí lóòótọ́? Ẹ sọ fún mi, màá bọ́ aṣọ yìí báyìí." Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo rí ọrùn ọmọ tó ń yẹ̀. Mo ronú kan Màmá tí yóò gbọ́, Olóòtú tí yóò gbọ́, gbogbo àwọn tó ń ka ojú ìwé mẹ́ta mi lórí lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀rù ìtìjú bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ. Mo ní, "Àbúrò, ohun tó wà nínú ìwé ni ohun tó wà nínú ìwé." Ó nu ojú, ó gbá mi mọ́ra, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Afínjú mú un lọ sí ìlú tó jìnnà. Àbúrò kò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń wá kí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Màmá kò sọ ìtàn kankan fún mi tẹ̀ mọ́. Ó ní kí n fi aṣọ bo ẹ̀rọ. Ọdún kẹrin ló kú, lọ́wọ́ ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi. "Akọ̀wé, ìwé mi ò lágbára," ló wí. "Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní bẹ ọmọ mi, kò dá mi lóhùn." Kò sẹ́ni tí ì bá dá a lóhùn bí kò ṣe èmi. Mo ní kó sinmi. Ó sinmi lóòótọ́. Níbi ìsìnkú, Àbúrò fi ìborùn wé ọrùn nínú oòrùn tó ń jó gbogbo wa. Ó fà mí sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí, Màmá ló fọ̀nà hàn mí. Bóyá sùúrù mi ni kò tíì tó."

Kí ló wá dé tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí? Tíṣà tó ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tèmi ni. Láti ìgbà tí ojú mi ti ń lọ, ó ń wá ka ìwé ìròyìn fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ń kà lọ, èémí rẹ̀ yí padà, ó fo ibì kan. Ta ni yóò mọ ìró ẹni tó fo nǹkan bí kò ṣe èmi? "Kí lo fò?" "Kò sí nǹkankan, Màmá." Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gba ìwé náà, mo gbé e mọ́ ojú. Ìkéde ikú Olóòtú ni, ó fò ó kó má baà bà mí nínú jẹ́. Àánú ni tirẹ̀. Síbẹ̀, mo jókòó sínú yàrá mi, ó sì dà bíi pé wọ́n yọ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tó ti fò rí. Ibẹ̀ ni mo fi Màmá sí fún ọdún mẹ́rin.

Nítorí náà ni mo ṣe ṣí aṣọ lára ẹ̀rọ náà, tí mo ń fọwọ́ ara mi tẹ èyí, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà. Tíṣà yóò gbé ọ̀kan lọ fún ilé ìtẹ̀wé, yóò sì gbé ọ̀kan lé Àbúrò lọ́wọ́, lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka nǹkan fún ẹni tí kò ríran, tí ẹ ń jíṣẹ́ fún ẹni tí kò lè rìn, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run nípa ẹnu yín. Ẹyin lọ̀rọ̀, kò ṣeé kó jọ mọ́ bó bá bọ́. Àbúrò mi, n kò lójú láti ní kó o dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́. Ìyá rẹ kò rán ọ lọ sílé ọkùnrin yẹn. Èmi ni. Sùúrù rẹ kọ́ ni kò tó. Oògùn tí mo kọ fún ọ kò sí láyé. Mo dáná sun ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, àmọ́ iye ìgbà tí mo kà á fún un ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lórí. Gba ẹrù rẹ. Bó ṣe parí nìyí, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́bàá fèrèsé:

Ọ̀gágun ní, "Mo ti yí padà. Máa bá mi bọ̀." Ọmọ Atukọ̀ ní, "Bó o bá ti yí padà, àwọn tó ń bá ọ gbé á ti mọ̀ kí n tó dé. Lọ bá wọn gbé fún ọdún mẹ́ta, kí àwọn fúnra wọn wá sọ fún mi." Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ọmọbìnrin náà fi àjẹ̀ ti èbúté, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò. Ọ̀gágun dúró nínú ẹrẹ̀, òrùka lọ́wọ́, ó kígbe pé, "Kí ni kí n wá sọ fún àwọn ọmọ ogun mi?" Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Sọ fún wọn pé mo gbé ọ sọdá, mo sì gbé ara mi padà sílé."